Ṣé Sátẹ́láìtì Lè Mọ Ọjọ́ Tí Òkè Máa Yọ Iná? Àwọn Ìbéèrè Yín Rèé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Nínú ẹ̀dà tó kọjá, mo kọ ọ̀rọ̀ ráńpẹ́ nípa Grindavík, ìlú àwọn apẹja kan ní Iceland, tí wọ́n kó gbogbo èèyàn inú ẹ̀ jáde lálẹ́ ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 2023 torí pé òkúta tó ti yọ́ ń la ilẹ̀ gba abẹ́ ìlú kọjá, ilẹ̀ sì ya lóòótọ́ nítòsí ibẹ̀ lọ́jọ́ 18 oṣù kejìlá, iná jáde. Mo wá fi kún un pé sátẹ́láìtì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣe. Gbólóhùn kan péré nìyẹn o, àmọ́ òun gan-an lẹ dì mú, ẹ ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Mo ti ṣa díẹ̀ nínú ìbéèrè yín, mo gé àwọn tó gùn kúrú, ẹ má bínú.

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹnì kan fi fídíò sí grúùpù àdúgbò wa lórí WhatsApp, iná ń ṣàn lórí òkè bí omi, ó wá ní Olóṣùnta náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan torí òkúta ńlá lòun náà. Ìdí òkè yìí ni ilé mi wà. Ṣé kí n máa palẹ̀ mọ́ ni? — Bàbá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Bàbá Ìbejì, ẹ jókòó sílé yín, ẹ máa jẹ iyán yín. Olóṣùnta kì í ṣe òkè ayọnáyèéfín, Òroolé náà kọ́, àwọn òkúta tó yí Adó ká náà kọ́. Lóòótọ́ òkúta yíyọ́ ni wọ́n nígbà kan, àmọ́ abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti tutù tí wọ́n ti dì, ó ti lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún sẹ́yìn, òjò àti oòrùn ló wá ń ṣí ilẹ̀ orí wọn kúrò díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi yọ síta. Kò sí nǹkan kan tó ń hó nísàlẹ̀ wọn mọ́. Nàìjíríà ní ibi tí òkè ti yọ iná rí o, Biu ní Borno àti apá Jos, ṣùgbọ́n ìyẹn ti pa rọ́rọ́ tipẹ́tipẹ́. Èyí tó ṣì ń yọ iná tó sún mọ́ wa jù ni Òkè Cameroon, a ṣì máa dé ibẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹni tó fi fídíò yẹn síbẹ̀, ẹ bi í ibi tí wọ́n ti yà á. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bẹ̀rù nǹkan kan ní ìdí Olóṣùnta, ẹ bẹ̀rù òkúta tó lè yí wálẹ̀ nígbà òjò.

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí ní yunifásítì. Kò yé mi bí nǹkan tó wà lókè réré ṣe máa mọ̀ pé ilẹ̀ fi ìwọ̀n ìka méjì ga sókè. Mo tẹ Google Maps títí, mi ò lè ka orúkọ tó wà lára ṣọ́ọ̀bù màmá mi, báwo ni wọ́n ṣe wá ń rí sẹ̀ǹtímítà? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ọmọ mi, ìbéèrè gidi lo béèrè yìí, màá pẹ́ lórí ẹ̀ díẹ̀, kí àwọn yòókù ṣe sùúrù.

Ohun tó ò ń wò lórí Google Maps, fọ́tò ni. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n fi yà á, tí ìkùukùu bá bo ibẹ̀ ó parí, tí ilẹ̀ bá ṣú ó parí. Sátẹ́láìtì tí mò ń sọ yìí ò ya fọ́tò, rédà ló gbé sára. Fúnra ẹ̀ ló ń rán ìgbì rédíò wálẹ̀, ìgbì á kan ilẹ̀, á ta padà lọ bá a, kò kàn án bóyá òru ni àbí òjò ló ṣú. Èyí tí wọ́n ń lò jù báyìí ni Sentinel-1 ti àwọn ará Yúróòpù, èyí àkọ́kọ́ gbéra lọ sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ó fi bíi kìlómítà 693 jìnnà sílẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n wà rèé. Ìgbì yẹn ń lọ sókè-sódò bó ṣe ń rìn, láti orí kan dé orí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5.6. Bó bá ṣe padà dé ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, sátẹ́láìtì á kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá orí ìgbì ló bá dé, bóyá ìdí ẹ̀ ni, bóyá ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ 12 á tún gba ojú ọ̀nà kan náà, á tún rán ìgbì sí ilẹ̀ kan náà. Bí ilẹ̀ bá wà bó ṣe wà, ìgbì á padà dé bó ṣe dé níjọ́sí. Bí ilẹ̀ bá ti wú sókè díẹ̀, ìrìn àjò ìgbì ti kúrú, ibi tó máa bá dé ti yàtọ̀. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń wọ̀n. Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó ń fojú wá sẹ̀ǹtímítà láti ojú ọ̀run, wọ́n kàn ń fi tòní yọ tijọ́sí ni, ohun tó bá kù ni ilẹ̀ ṣe.

Wọ́n á wá kun ìyàtọ̀ náà ní àwọ̀ lórí máàpù, àwọ̀ á máa yí láti pupa dé búlúù, á tún bẹ̀rẹ̀ láti pupa. Tí àwọ̀ bá yípo lẹ́ẹ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 2.8 nìyẹn, ìdajì 5.6, torí àlọ àti àbọ̀ ni ìgbì rìn. Tó o bá rí òkè kan tí àwọ̀ yí po nígbà márùn-ún láti ẹsẹ̀ ẹ̀ dé orí, ilẹ̀ ibẹ̀ ti fi sẹ̀ǹtímítà 14 sún mọ́ sátẹ́láìtì. Mi ò sọ pé ó fi 14 ga sókè o, fiyè sí i, torí ẹ̀gbẹ́ ni sátẹ́láìtì ti ń wo ilẹ̀, kì í ṣe láti ọ̀gangan orí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń lo èyí tó yà nígbà tó ń lọ sí àríwá, kí wọ́n tún mú èyí tó yà nígbà tó ń bọ̀ wá sí gúúsù, kí wọ́n fi méjèèjì mọ èyí tó lọ sókè àti èyí tó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1991 ni Yúróòpù gbé ERS-1 lọ sókè, ilẹ̀ mì ní Landers ní California lọ́dún 1992, Didier Massonnet àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Faransé wá fi ERS-1 fi bí ilẹ̀ ṣe yẹ̀ níbẹ̀ hàn lọ́dún 1993. Lọ́dún 1995 wọ́n tún ṣe ti Etna ní Ítálì, òkè tó yọ iná láti 1991 títí wọ 1993, wọ́n rí i pé bí òkúta yíyọ́ ṣe ń ṣàn jáde ni gbogbo òkè ńlá yẹn ń rọlẹ̀. Àtìgbà yẹn ni àwọn onímọ̀ òkè oníná ò ti fi sátẹ́láìtì ṣeré mọ́.

Wàhálà ẹ̀ náà wà o. Èkíní ni ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ó máa ń fa ìgbì sẹ́yìn díẹ̀, ìgbì á pẹ́ kó tó dé, kọ̀ǹpútà á rò pé ilẹ̀ ló rì. Orí òkè gíga nílẹ̀ olóòru ló ti ń yọni lẹ́nu jù, ó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, wọ́n á ní òkè ń wú kí wọ́n tó rí i pé ọyẹ́ àti òjò ló ń ṣe wọ́n. Èkejì ni igi. Tó o bá gbé e wá sí Èkìtì níbí, ewé kòkó ti yí, igi ti hù, koríko ti ga, ilẹ̀ tó rí lónìí kọ́ ló máa bá lẹ́yìn ọjọ́ 12, àwọ̀ á kàn dàrú mọ́ra wọn ni. Àwọn ará Japan ló mú ìgbì tó gùn jáde fún ìyẹn, ti sátẹ́láìtì ALOS wọn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 24, ó ń gba àárín ewé kọjá dé ilẹ̀. Oṣù keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà àti Íńdíà jọ gbé NISAR lọ sókè láti ilẹ̀ Íńdíà, ìgbì gígùn bẹ́ẹ̀ lòun náà ń lò.

Tíṣà, ẹ bá mi wò ó. Ọmọ mi ọkùnrin ń tajà ní Buea ní Cameroon, ó ní ìdí òkè oníná lòun ń gbé, pé kí n má dààmú, sátẹ́láìtì ń ṣọ́ ọ, tó bá fẹ́ yọ iná wọ́n á ti sọ ọjọ́ fáwọn. Ṣé òótọ́ ni àbí ó kàn fẹ́ kí n rí oorun sùn? — Ìyá Ìjerò

Ìyá wa, ẹ kú àdúrò ti ọmọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, ó sì ń tù yín nínú náà. Sátẹ́láìtì ń kọjá lórí òkè yẹn, ìyẹn dájú. Ti pé wọ́n á sọ ọjọ́ ni kò rí bẹ́ẹ̀, kò sí ibi kankan láyé tí sátẹ́láìtì ti ń sọ ọjọ́.

Ẹ wo eéwo. Kó tó tú, ara á kọ́kọ́ wú. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé òmíì á wú, á tú, òmíì á wú títí á sì rọlẹ̀ láì tú, òmíì sì wà tí ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà lára àfi ìgbà tó bá tú. Bí òkè oníná ṣe rí gan-an nìyẹn. Òkúta yíyọ́ á máa gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, á kóra jọ síbì kan ní kìlómítà mélòó kan sábẹ́ òkè, ilẹ̀ tó wà lórí ẹ̀ á wú. Tó bá jáde, tàbí tó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ síbòmíì, ilẹ̀ á tún rì padà. Kódà bí ibi tó wú ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n fi ń mọ bí nǹkan náà ṣe jìn tó, ìṣirò tí ará Japan kan tó ń jẹ́ Kiyoo Mogi gbé jáde lọ́dún 1958 ṣì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò.

Juliet Biggs ti yunifásítì Bristol àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kó ọ̀rọ̀ òkè oníná 198 jọ lọ́dún 2014, ohun tí sátẹ́láìtì ti rí níbẹ̀ fún ọdún 18. Nínú 198 yẹn, 54 ni ilẹ̀ wọn wú tàbí rì. Nínú 54, 25 yọ iná. Ẹ rí i pé kò tó ìdajì. Àwọn tí ilẹ̀ wọn ò kúrò lójú kan ńkọ́? Ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò yọ iná rárá. Èmi o, tí mo bá ń gbé ìdí òkè, ìkejì yìí ni màá fi sùn: tí ilẹ̀ bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe dáadáa pé òkè náà dákẹ́. Tí ilẹ̀ bá wú, ẹ la ojú sílẹ̀, kò tíì di kí ẹ sá.

Torí àwọn kan wà tó ń wú bí ẹni tí kò ní dúró. Sierra Negra ní erékùṣù Galápagos ti Ecuador wú tó mítà 6.5 láti 2005 títí di 2018, ìyẹn ga ju ilé alájà kan lọ dáadáa, kó tó wá yọ iná ní oṣù kẹfà ọdún 2018. South Sister ní Oregon ní Amẹ́ríkà, bíi ọdún 1996 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú díẹ̀díẹ̀, sátẹ́láìtì ló tú u fó, kò tíì yọ nǹkan kan. Òdìkejì wọn ni Nyiragongo ní Congo. Ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 2021 ló ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná ṣàn kọrí sí ìlú Goma, àwọn èèyàn kú, ilẹ̀ ibẹ̀ ò sì wú tẹ́lẹ̀ débi tí ẹnikẹ́ni fi lè kìlọ̀. Adágún iná ti wà lórí òkè yẹn tẹ́lẹ̀, òkúta yíyọ́ ti wà nítòsí ojú ilẹ̀, ohun tó fẹ́ máa wú sí ò sí. Ẹ̀yìn ìgbà tó ṣẹlẹ̀ ni sátẹ́láìtì wá wúlò níbẹ̀, wọ́n rí i pé òkúta yíyọ́ ti gba abẹ́ ìlú Goma lọ sí abẹ́ adágún Kivu, nígbà tó di ọjọ́ 27 ìjọba ní kí apá kan ìlú náà kó jáde.

Ká wá padà sí ti ọmọ yín. Òkè Cameroon yọ iná ní 1999, ní 2000, àti ní 2012. Ti 1999, iná ṣàn gé títì tó wà láàárín Limbe àti Idenau, kò dé òkun. Iná ibẹ̀ sábà máa ń rọra rìn, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn kúrò níwájú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ká fi sátẹ́láìtì ṣọ́ ọ, ibi tó nira ni, igbó dí lára òkè náà, Debundscha tó wà ní ẹsẹ̀ ẹ̀ sì wà lára ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù láyé, ó máa ń tó mítà 10 lọ́dún kan, ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa igi àti ọ̀rinrin lókè. Torí náà lójú tèmi, ìmìtìtì ilẹ̀ ni kí ó fetí sí jù. Ilẹ̀ mì ní Buea nígbà ti 1999. Ẹ sọ fún un pé tí ilẹ̀ bá ń mì léraléra, kó gbọ́ ohun tí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bá sọ, kó má dúró de sátẹ́láìtì kankan. Kó sì máa pè yín déédéé, ìyẹn ò ní rédà nínú.

Bọ̀dá Tíṣà, kí ni gbogbo wàhálà sátẹ́láìtì yìí fún? Ṣebí wọ́n lè rán èèyàn lọ dúró síbẹ̀ kó máa wọ̀n ọ́n? — Ọlọ́kadà kan, Adó-Èkìtì

Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, àbúrò. Òkè St. Helens ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1980, ẹ̀gbẹ́ àríwá ẹ̀ ń fi bíi mítà 1.5 wú síta lójúmọ́ kan, àwọn èèyàn wà níbẹ̀ tó ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún, òkè náà ya lulẹ̀, ó bú gbàù, èèyàn 57 ló kú, David Johnston tó ń ṣọ́ ọ láti bíi kìlómítà 10 wà nínú wọn. Ó ti ń wọ̀n ọ́n, ó mọ̀ pé ó ń wú, kò sì mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Sátẹ́láìtì ò ní ẹ̀mí tó máa bá a lọ.

Owó náà tún ńkọ́. Òkè oníná pọ̀ ní Áfíríkà tí kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Lọ́dún 2009 Biggs yẹn kan náà àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé e jáde pé òkè mẹ́rin ní Kenya, Suswa, Menengai, Longonot àti Paka, ti wú tàbí rì láàárín 1997 sí 2008, Paka nìkan wú tó sẹ̀ǹtímítà 21 láàárín oṣù 9, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Afar ní Ethiopia, oṣù kẹsàn-án 2005, ilẹ̀ ya fún bíi 60 kìlómítà, ó fẹ̀ tó mítà 8 níbì kan, aginjù ni, kò sẹ́ni tó lè fẹsẹ̀ rìn yí i ká, sátẹ́láìtì ló yàwòrán gbogbo ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí wọ́n ju ẹ̀rọ ilẹ̀ nù o. Ẹ̀rọ GPS tí wọ́n bá rì mọ́lẹ̀ láti máa wọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń yẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru, àmọ́ ojú kan ṣoṣo tó wà ló mọ̀. Sátẹ́láìtì mọ gbogbo òkè, àmọ́ ó di ọjọ́ 12 kó tó tún yọjú, nǹkan púpọ̀ lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ 12. Iceland ń lo méjèèjì, ìdí nìyẹn tí Grindavík fi tètè kó jáde.

Omi gbígbóná Ìkọ́gòsí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe iná ló wà lábẹ́ ẹ̀? — Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Rárá o. Òjò ló wọnú àlàfo òkúta lọ sísàlẹ̀ jíjìn, ibi téèyàn bá sì gbẹ́ dé nísàlẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná ju òkè lọ níbi gbogbo láyé, omi yẹn á móoru, á tún gba àlàfo míì jáde. Ẹ lọ wẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ gbádùn ara yín.

Tíṣà, Nàìjíríà ní sátẹ́láìtì, ṣé tiwa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí? Àti pé kí ló kàn wá, nígbà tẹ́ ẹ ní a ò ní òkè oníná? — Ọmọ Ìkọ̀lé

NigeriaSat-1 lọ sókè ní 2003, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X ní 2011, gbogbo wọn, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n fi ń ya àwòrán, kò sí rédà lára wọn, torí náà wọn ò lè ṣe èyí. Àmọ́ èyí ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí ọ̀fẹ́ ni àwòrán Sentinel-1, ẹnikẹ́ni lágbàáyé ló lè wà á sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà ló máa jẹ, àwòrán kan ṣoṣo lè tó gigabyte mélòó kan, ẹ lọ síbi tí Wi-Fi wà.

Ti pé kí ló kàn wá: ilẹ̀ ò dúró de òkè oníná kó tó lọ sókè tàbí rì. Ọgbọ́n yìí kan náà ni wọ́n fi ń wo bí ilẹ̀ ṣe ń rì ní Èkó níbi tí wọ́n ti ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sì ń kọ́lé sórí ilẹ̀ rírọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà, ibi tí wọ́n kọ́ ìdídò omi sí, gbogbo ẹ̀ ló ṣeé wò bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ọ̀yẹ́ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má fi Èkìtì bẹ̀rẹ̀, igi á yọ yín lẹ́nu, ẹ ó rò pé ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ wa SNAP sílẹ̀, sọ́fítíwíà àjọ sátẹ́láìtì Yúróòpù ni, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ mú Etna, àwòrán tó ṣáájú Kérésìmesì 2018 àti èyí tó tẹ̀ lé e. Òkè náà yọ iná lọ́jọ́ 24, ilẹ̀ mì lẹ́sẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ 26, òkúta gbígbẹ ló pọ̀ lórí ẹ̀, àwọ̀ á jáde kedere. Tó bá ti jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ kọ iye ìgbà tí àwọ̀ yípo sábẹ́ ẹ̀, èyí tó bá dáa jù a máa tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé yìí.